Henry Ford: Ọ̀gá onímọ́tò tó sọ lẹ́búlẹ́bú pákó di èédú

Ẹni tó bá ń sun ẹja tàbí adìẹ tà ní Lomé mọ̀ pé owó èédú lè jẹ èrè ọjà tán. Ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ àpò èédú ti ń wá, láti apá Blitta, àti láti agbègbè Atakpamé, níbi tí àwọn èèyàn wa, àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ana, ń gbé. Igi tó wà lórí ìdúró ni wọ́n ń gé lulẹ̀ kí èédú yẹn tó délé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi yà sí èédú àtẹ̀pọ̀, èyí tí wọ́n ń fi lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń dà sílẹ̀ ní ilé ìlapákó ṣe. Nǹkan tuntun kọ́ o. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí Henry Ford, tí orúkọ rẹ̀ wà lára mọ́tò, ti sọ ọ́ di ọjà ńlá.

Ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1863 ni wọ́n bí i ní oko kan nítòsí Detroit, ní Michigan, l'Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oko kò wù ú. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọ Detroit lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní 1903, ó dá ilé iṣẹ́ Ford sílẹ̀. Ní 1908, mọ́tò Model T jáde. Iye tí wọ́n ṣe títí di 1927 lé ní mílíọ̀nù 15.

Kì í ṣe irin nìkan ni mọ́tò ayé ìgbà yẹn. Igi wà nínú ara rẹ̀, igi wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ford wá fẹ́ ní igbó tirẹ̀. Edward Kingsford, tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ìbátan Ford, ló bá a wá ilẹ̀ ní àríwá Michigan, ilẹ̀ tó lé ní éékà 300,000. Wọ́n kọ́ ilé ìlapákó sí Iron Mountain. Kò pẹ́ tí lẹ́búlẹ́bú àti àfọ́kù pákó fi di òkìtì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ford kì í fẹ́ kí nǹkan ṣòfò.

Wọn kì í kàn fún lẹ́búlẹ́bú náà pọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ sun ún níbi tí atẹ́gùn kò ti lè wọlé, kí ó lè dúdú di èédú láìdi eérú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ sítáàṣì, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ bí ìrọ̀rí kékeré, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, sítáàṣì gbágùúdá tó iṣẹ́ yẹn í ṣe. Ẹ kíyè sí i: èyí tí kò bá jiná dáadáa kó tó di títẹ̀ yóò rú èéfín sí ẹja oníbàárà, èyí tí kò bá sì gbẹ kì í tètè ràn.

Ford kọ́ ló ronú kan ọgbọ́n yìí. Orin Stafford, onímọ̀ kẹ́místírì ní Oregon, ló gbé ọ̀nà náà kalẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní 1897, Ellsworth Zwoyer ti gba ìwé àṣẹ lórí èédú àtẹ̀pọ̀ kan. A kò sì ní fi bò pé ìwé ìròyìn tí Ford ni kọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra nípa àwọn Júù fún ọdún púpọ̀, kó tó tọrọ àforíjì ní 1927. Ọkùnrin kan náà ló sọ owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ di dọ́là 5 lójúmọ́ ní 1914, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbà ju ìdajì rẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò Ford ni wọ́n ti ń ta èédú náà. Nígbà tó yá, wọ́n fi àdògán kékeré tó ṣeé gbé kún un, kí onímọ́tò lè sun ẹran níbi tó bá ti lọ ṣe fàájì.

Ford kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1947, lẹ́ni ọdún 83. Odò ti kún lágbègbè ilé rẹ̀, iná mànàmáná ti lọ. Àbẹ́là àti fìtílà ni wọ́n tàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní 1951, wọ́n ta iṣẹ́ èédú rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì. Kingsford ni àwọn yẹn sọ ọ́, orúkọ yẹn náà ló sì wà lára àpò rẹ̀ títí dòní.