Ìyàwó àlùfáà ló gbà á lọ́wọ́ ikú, òun náà ló wá gbógun ti ìyàwó àlùfáà: Ìtàn Peter Damian

Àríyànjiyàn lórí bóyá kí fádà Kátólíìkì máa gbéyàwó kì í ṣe tòní, kì í ṣe tàná. Ọ̀kan lára àwọn tó ja ìjà náà jù lọ ni Peter Damian, ọmọ ìlú Ravenna ní Ítálì, tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1007.

Ilé tí ọmọ pọ̀ sí, tí owó ò sí, ni wọ́n bí i sí. John ti ìlú Lodi, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bínú sí ìyá wọn pé ó tún bí ẹlòmíì kún wọn. Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá débi pé kò fún ọmọ lọ́mú mọ́. Ọmọ ń kú lọ. Obìnrin kan ló bá ìyá wí, tó sì tọ́jú ọmọ náà títí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í yá a. Ìyàwó àlùfáà ni obìnrin náà. Òfin ìjọ ti kọ̀ ọ́ tipẹ́ o, àmọ́ láyé ìgbà yẹn, àlùfáà tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé pọ̀, àdúgbò sì mọ̀.

Kò pẹ́ tí bàbá àti ìyá fi kú. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ gbà á sọ ọ́ di ẹrú, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń dà kiri. Ẹ̀gbọ́n míì tó ń jẹ́ Damian ló mú un lọ sílé ìwé, ìdí nìyẹn tó fi fi orúkọ rẹ̀ kún tiẹ̀. Ó di olùkọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn. Àfi bó ṣe fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1035, tó lọ bá àwọn adánìkangbé ní Fonte Avellana, níbi tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀, tí wọ́n sì ń na ara wọn lẹ́gba.

Ní nǹkan bí ọdún 1049, ó kọ ìwé kan sí Póòpù Leo Kẹsàn-án lórí àwọn àlùfáà tó ń bá ọkùnrin bíi tiwọn lò pọ̀. Ó ní kí wọ́n yọ gbogbo wọn nípò. Ó tún kọjú sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó mọ̀ tí wọ́n dijú, àti àwọn tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ dá a. Póòpù yìn ín, àmọ́ kò tẹ̀ lé e tán: ó ní kí àwọn tí kò tíì pẹ́ nínú rẹ̀ ronú pìwà dà, kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní 1057, wọ́n fi í jẹ kádínà. Ní Milan, ní 1059, àwọn ará ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tó débẹ̀ láti bá àwọn àlùfáà wọn wí. Lọ́dún yẹn kan náà, Póòpù Nicholas Kejì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ Mísà lọ́dọ̀ àlùfáà tó ní obìnrin.

Ohun tó ṣeni ní kàyéfì ni lẹ́tà rẹ̀ sí bíṣọ́ọ̀bù Turin, tó gbà kí àwọn àlùfáà rẹ̀ máa gbéyàwó. Peter fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n sì mọ̀wé. Síbẹ̀, ó ní kí wọ́n lé àwọn obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ tó kọ nípa irú àwọn ìyàwó bẹ́ẹ̀ le kọjá èébú lásán, bẹ́ẹ̀ kò sí òfin kankan tó ní kó bú wọn.

Nígbà tó di 1069, òun yìí kan náà ni wọ́n rán lọ sí Frankfurt, tó sì dá Ọba Henry Kẹrin dúró pé kò gbọdọ̀ kọ Bertha ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ọba gbà, ìyàwó sì dúró.

Peter kú ní Faenza ní oṣù Èrèlé, ọdún 1072. Ní 1139, ìgbìmọ̀ ìjọ ní Lateran sọ pé ìgbéyàwó tí àlùfáà bá ṣe kì í ṣe ìgbéyàwó rárá. Ní 1828, Póòpù Leo Kejìlá fi Peter sí ara àwọn olùkọ́ àgbà ìjọ. Ọjọ́ 21 oṣù Èrèlé ni wọ́n máa ń ṣe ìrántí rẹ̀.