Hubert Ògúndé: Ọlọ́pàá Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Bọ́ Aṣọ Ìjọba Sílẹ̀

Lọ́dọọdún tí ìlù bá dún, tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, a máa ń rí ọ̀dọ́ kan láàárín agbo tí ijó rẹ̀ tàbí ohùn rẹ̀ yàtọ̀, tí tọmọdé tàgbà á sì máa yìn ín. Bí àjọ̀dún bá parí, tí kálukú padà sí ẹnu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan á kù sí ọ̀dọ́ náà lọ́kàn: ìgbà wo ni òun lè fi ẹ̀bùn yìí ṣe iṣẹ́ jẹun? Ìgbésí ayé Olóyè Hubert Ògúndé, baba eré tíátà Yorùbá, lè là á lọ́yẹ.

Ọdún 1916 ni wọ́n bí Ògúndé ní Òsósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá rẹ̀ jẹ́ pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi, bàbá àgbà rẹ̀ sì jẹ́ babaláwo. Orin ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀ ọ́ létí, ìlù ìbílẹ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Láti kékeré ló ti ń tẹ̀lé àwọn eégún alárìnjó, àwọn tó ń ti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń pidán, tí wọ́n sì ń fi eré bá ayé wí. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí i pé eré lè jẹ́ iṣẹ́.

Síbẹ̀, kò fi ti alárìnjó bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1933 ló ti ń ṣe olùkọ́ ilé-ìwé, ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Ní 1941, ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ìbàdàn ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Èbúté-Mẹ́ta ní Èkó. Ogun ńlá ayé ń jà nígbà náà, ọjà wọ́n, owó oṣù ìjọba sì jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá kiri. Ẹni tó bá rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé fi í sílẹ̀.

Ní 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ń wá owó tí wọn yóò fi kọ́ ilé ìjọsìn. Wọ́n bẹ Ògúndé pé kó ṣe eré fún wọn. Ó kó akọrin jọ, ó kọ orin, ó sì gbé eré kan kalẹ̀ lórí Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n ṣe é ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Àwọn ènìyàn gba tirẹ̀ gidigidi. Kì í ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì aláìmira tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n rí. Ó fi ìlù sí i, ó fi ijó sí i, ó sì jẹ́ kí orin náà dún bí orin ilé wa.

Ẹlòmíràn ìbá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ògúndé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà sí ẹnu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì ń lo àkókò ìsinmi rẹ̀ láti kọ eré mìíràn, bíi ti Ísírẹ́lì ní Íjíbítì àti ti Nebukadinésárì. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyìn àkọ́kọ́ yẹn jẹ́ oríire ọjọ́ kan, tàbí bóyá àwọn ènìyàn yóò tún wá. Wọ́n tún wá.

Kò pẹ́ tí eré rẹ̀ fi kúrò lórí Bíbélì, tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dúdú lábẹ́ òyìnbó. Níbẹ̀ ni aṣọ méjì kò ti lè wà lọ́rùn kan mọ́. Ẹni tó ń jẹ owó oṣù ìjọba òyìnbó kò lè máa fi eré tú àṣírí ìjọba náà. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀, tó pè ní African Music Research Party, ó bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì fi tíátà ṣe iṣẹ́ jẹun. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kò ní gbọ̀ngàn tirẹ̀, kò ní ìrànlọ́wọ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ka eléré sí alágbe. Ohun tó ní ni orin, òṣèré, àti èrò ìwòran tó ti dán wò.

Ìṣòro kò jìnnà. Ní 1946 ló kéde pé òun ń wá obìnrin tí òun yóò máa sanwó fún láti ṣeré, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí nínú tíátà Yorùbá. Bí wọ́n bá kọ́ iṣẹ́ náà tán, ọkọ á gbé wọn lọ. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀ kí ẹgbẹ́ má bàa tú. Eré Strike and Hunger, tó dá lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní 1945, kò rọgbọ fún àwọn aláṣẹ. Wọ́n fòfin dè é ní Jos. Ní 1964, eré Yorùbá Ronú mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, títí di 1966 tí ìjọba ológun fi gbé òfin náà kúrò. Ní 1970, Adéṣẹwà, aya rẹ̀ àti ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òṣèré, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà eré. Ògúndé sunkún, ṣùgbọ́n kò padà lẹ́yìn iṣẹ́.

Nígbà tó lé ní ọgọ́ta ọdún, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun: ó gbé fíìmù Aiyé jáde ní 1979, Jáiyésimi sì tẹ̀lé e ní 1980. Ọjọ́ 4 oṣù kẹrin 1990 ló kú ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, Ògúndé kò fò sínú odò láì wọn omi, kò sì dúró ní etí odò títí omi fi gbẹ. Ó fi ọwọ́ kan di iṣẹ́ mú, ó fi ọwọ́ kejì dán ẹ̀bùn rẹ̀ wò. Nígbà tí ẹ̀bùn náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí iṣẹ́ ìjọba sì fẹ́ dí i lẹ́nu, ó mọ̀ pé àkókò tó.

Ẹ̀yin aláṣẹ àti àgbà, ẹ jẹ́ ká rántí pé ìjọ kan ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún un, àwọn ará ìlú ló sì sanwó wo eré rẹ̀. Bí a bá ń pe onílù, oníjó àti agbẹ́gilére wa lọ́dọọdún, tí a sì ń fi ìyìn nìkan rán wọn padà sílé, àkókò tiwọn kò ní tó láéláé. Kí a pè wọ́n, kí a sì san ẹ̀tọ́ wọn.

Ọdún á yabo. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àṣẹ.