Dorothy Hodgkin

Dorothy Mary Crowfoot Hodgkin (ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1910 – ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1994) jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi ìtànṣán X-ray ṣàwárí ìrísí àwọn mólékù inú ohun ẹlẹ́mìí. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú Kẹ́mísìrì ní ọdún 1964. Òun ni obìnrin kẹta tí ó gba ẹ̀bùn náà, lẹ́yìn Marie Curie àti Irène Joliot-Curie.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ìlú Kàírò ní Íjíbítì ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀, John Crowfoot, ti ń ṣiṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìgbà èwe rẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Beccles, àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n ń kọ́ ní kẹ́mísìrì, ṣùgbọ́n wọ́n gba òun àti ọmọbìnrin kan mìíràn láàyè láti bá wọn kọ́ ọ. Ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Somerville ní Oxford ní ọdún 1928, lẹ́yìn náà ó lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ J. D. Bernal ní Cambridge. Ní ọdún 1934, àwọn méjèèjì gbé àwòrán X-ray àkọ́kọ́ tí ó yanjú jáde nípa kírísítálì púrọ́tíìnì kan, èyíinì pepsin, tí ń bá ikùn da oúnjẹ.

Ọdún yìí kan náà ni àwọn dókítà sọ fún un pé làkúrègbé ni ó ń bá a jà. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà náà. Àrùn náà wọ́ ọ ní ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀, síbẹ̀ kò pa iṣẹ́ tì.

Ọ̀nà tí ó gbà ṣiṣẹ́

Mólékù kéré ju ohun tí awò ìgbà náà lè fi han ojú. Nítorí náà, wọ́n ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di kírísítálì, èyí tí í ṣe horo líle bí horo iyọ̀, tí àwọn mólékù tò lẹ́sẹẹsẹ sínú rẹ̀. Bí ìtànṣán X-ray bá gba inú horo náà kọjá, yóò fọ́n ká, yóò sì fi àmì kéékèèké sílẹ̀ lára fíìmù. Ìwọ̀n dúdú àmì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ṣírò ibi tí átọ̀mù wà. Ṣùgbọ́n fíìmù kì í sọ gbogbo ohun tí ìṣirò náà nílò. Hodgkin a sì máa wá mólékù tí átọ̀mù wíwúwo kan wà nínú rẹ̀, kí ó lè ti ara rẹ̀ mọ ipò àwọn yòókù. Wọ́n ń ya èsì ìṣirò sórí ike pẹlẹbẹ tí ó mọ́ gaara, wọ́n sì ń tò wọ́n lé ara wọn, kí ìrísí mólékù náà lè hàn ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga.

Àwọn àwárí rẹ̀

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, penisílínì ti ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí bí átọ̀mù rẹ̀ ṣe so pọ̀. Ní ọdún 1945, Hodgkin àti Barbara Low fi hàn pé òrùka kan wà nínú rẹ̀ tí átọ̀mù mẹ́rin péré para pọ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò gbà tẹ́lẹ̀ pé irú òrùka bẹ́ẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ìmọ̀ yìí ran àwọn tí ó ṣe oríṣi penisílínì tuntun lẹ́yìn náà lọ́wọ́.

Ní àárín àwọn ọdún 1950, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Los Angeles, ó yanjú ìrísí fítámì B12, èyí tí a fi ń wo oríṣi àìtó ẹ̀jẹ̀ kan. Átọ̀mù kóbáltì ni ó wà láàárín rẹ̀.

Ínsúlínì, tí ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ni ó pẹ́ jù. Ọdún 1935 ni Hodgkin ya àwòrán X-ray rẹ̀ àkọ́kọ́, ọdún 1969 ni òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí ìrísí rẹ̀: ọdún 34 gbáko.

Ìdílé, ọlá àti ikú

Ní ọdún 1937, ó fẹ́ Thomas Hodgkin, òpìtàn ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta. Gánà, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ni ó wà nígbà tí ìròyìn Ẹ̀bùn Nobel kàn án. Ní ọdún 1965, ó di obìnrin kejì tí ó gba oyè Order of Merit, lẹ́yìn Florence Nightingale. Ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ Pugwash, tí ń tako ohun ìjà átọ̀mù, láti ọdún 1976 sí 1988. Ó kú ní ilé rẹ̀ ní Ilmington, ní ẹni ọdún 84.