Thomas Edison, ọmọ tó sú olùkọ́ rẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ìtàn lẹ́tà tí wọ́n ní ilé ìwé kọ sí ìyá Thomas Edison lórí WhatsApp. Irọ́ ni ti lẹ́tà yẹn. Ọdún 1847 ni wọ́n bí Edison ní Amẹ́ríkà. Oṣù díẹ̀ péré ló lò nílé ìwé tí olùkọ́ fi ní ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Inú bí Nancy, ìyá rẹ̀ tó ti ṣe tíṣà rí, ló bá ń kọ́ ọ nílé. Nígbà tó máa fi tó ọmọ ọdún 12, etí rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Síbẹ̀, òun ló ṣe ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ní 1877! Ó kú ní 1931 láìsí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò fún ADHD, nítorí náà ẹ má gba ẹni tó bá ní ó ní i gbọ́.

Bí ọmọ tiyín kì í bá jókòó jẹ́ẹ́, tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró lórí nǹkan kan, ẹ má tíì mú pàṣán. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ bi tíṣà rẹ̀: ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe ní kíláàsì? Bó bá ti tó oṣù 6 tó ti ń ṣe é nílé àti nílé ìwé, ju tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé.