Ìtàn Ìgbésí Ayé Herbert Macaulay, Awọnlẹ̀ tí ó Gbèjà Onílẹ̀

Nígbà tí ọmọ bá jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá, ní Ìgándò tàbí ní ibòmíràn ní Alímọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó máa ń gba gbogbo ilé kan: ẹ̀kọ́ wo ni kí ọmọ yìí lọ kọ́ ní yunifásítì? Bàbá a ní kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ìyá a ní iṣẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ni ó yẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní òkè òkun a ránṣẹ́ wá pé ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ni ó ń mú owó wọlé. Bí ọmọ náà bá wá sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ èdè ni ọkàn òun fẹ́, ńṣe ni ojú gbogbo ilé yóò fà ro. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí. A kò sọ pé wọ́n jẹ̀bi, nítorí ẹni tí ó ń san owó ilé-ìwé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì wà tí a kì í sábà béèrè: bí ọmọ bá kọ́ ẹ̀kọ́ náà tán, àwọn ta ni yóò fi ṣe ní àǹfààní? Ìgbésí ayé Herbert Macaulay dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa, nítorí náà ni a ṣe yàn án láti sọ fún ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi.

ÌRAN TÍ Ó TI WÁ

Ní ọjọ́ 14 oṣù November, ọdún 1864, ni a bí Ọláyínká Herbert Samuel Heelas Badmus Macaulay ní ìlú Èkó. Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ni ìyá rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, tí àwọn akónilẹ́rú kó ní 1821, tí a gbà sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún kejì, tí a sì mú lọ sí Sàró. Ní 1827, nígbà tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Sàró, òun wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ èdè ni ó fi ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ nínú ayé rẹ̀. Ní 1843 ó tẹ ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ó sì ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ọdún 1864 kan náà tí a bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ yìí ni a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń fojú tín-ín-rín ẹ̀kọ́ èdè rántí pé ìwé yìí tí a ń kà lónìí ní Yorùbá, ọwọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Herbert, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, jẹ́ olùkọ́ bíi tiwa. Òun ni ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù June, ọdún 1859, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré. Owó tí ó fi ra ìwé àti ohun èlò kò ti ọwọ́ ìjọba wá. Ọ̀gbẹ́ni James Labulo Davies, oníṣòwò ní Èkó, ni ó fi £50 ràn án lọ́wọ́. Báyìí ni owó ọjà ṣe di ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Àlùfáà Macaulay kú ní 1878, nígbà tí Herbert kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n ọmọ náà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀.

BÍ Ó ṢE DI ẸNJINÍÀ

Ní 1881 ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka Iṣẹ́ Òde. Akọ̀wé kékeré ni ó kọ́kọ́ jẹ́, kí ó tó di ẹni tí ń ya àwòrán ilẹ̀ àti ilé. Ìjọba Èkó, nígbà Gómìnà Moloney, rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dá, wọ́n sì rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1890 láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Kò sí yunifásítì nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ìlú Plymouth ni ó lọ, lábẹ́ ọ̀gá kan tí ó jẹ́ awọnlẹ̀ àti ẹnjiníà omi fún ìlú náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ-iṣẹ́ ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọdún mẹ́ta ni ó fi kọ́ bí a ti ń wọn ilẹ̀, bí a ti ń la ọ̀nà, bí a ti ń kọ́ ilé àti bí a ti ń fa omi wọ ìlú. Ó kọ́ fèrè olókùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní violin pẹ̀lú. Nígbà tí ó padà dé ní 1893, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a kà sí ẹnjiníà nínú àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wa, ìjọba sì fi í ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ìjọba ní Èkó.

Ipò náà dára, ṣùgbọ́n owó oṣù rẹ̀ kò tó ti òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti ń fi ẹ̀sùn kàn án nígbà náà lórí ọ̀nà tí ó gbà lo ipò rẹ̀ nípa ilẹ̀ ìjọba, òun náà sì ti ń wò wọ́n bí ẹni tí kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dúró. Ó gba ìwé àṣẹ awọnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ní December ọdún yẹn ni ó fẹ́ Caroline Pratt, ṣùgbọ́n ikú mú ìyàwó náà lọ ní oṣù August 1899. Kò tún gbé ìyàwó mìíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ títí ó fi kú.

ỌKỌ̀ RÉLÚWÈÉ ÀTI OMI ÌJÙ

Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti di ohun ìjà. Rélúwèé Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí ó gba Agége nítòsí wa kọjá, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901. Ní 1908 Macaulay tẹ ìwé kékeré kan jáde, nínú èyí tí ó yẹ ìṣirò owó rélúwèé wò, tí ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu bí ìjọba Gómìnà Egerton ti ná owó náà. Òǹkọ̀wé lásán lè bínú sí ìjọba, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iye tí iṣẹ́ ń ná ènìyàn ni ó lè mú ìwé ìṣirò, kí ó sì fi ìka tọ́ ibi tí kò gún.

Ọdún 1908 kan náà ni ọ̀rọ̀ owó omi dé. Ìjọba fẹ́ fa omi láti Ìjù, tí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́, wá sí Èkó, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ará Èkó máa san owó rẹ̀. Àwọn ará ìlú ní kànga lágbàlá wọn. Ojú wọn ni pé ìrọ̀rùn àwọn òyìnbó ni a fẹ́ fi owó àwọn rà. Dókítà John Randle àti Dókítà Obasá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ náà, ìlú sì tú jáde. Macaulay wà láàrin àwọn tí ó le jù. Iṣẹ́ náà parí ní 1915, a sì gba owó omi níkẹyìn. A ní láti sọ òtítọ́ pé omi mímọ́ dára fún ìlera ìlú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì jẹ àǹfààní rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tí ìjà náà kọ́ni ni pé ẹni tí yóò san owó ní ẹ̀tọ́ láti wà níbi tí a ti ń ṣe ìpinnu.

ẸJỌ́ ILẸ̀ OLÓYÈ OLÚWA

Èyí ni ó yẹ kí àwa ọmọ Àwórì fetí sí jù lọ. Ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Apapa, tí ó wà lábẹ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa àti ìdílé rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó gbà-máà-bínú dé, àwọn ilé-ẹjọ́ ní ilẹ̀ wa sọ pé olóyè kò ní ilẹ̀ náà ní ti gidi. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ tí ó ní láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ ni a ó san owó fún. Bí ìdájọ́ yìí bá dúró, kò sí ìdílé onílẹ̀ kan tí ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ láti Apapa títí dé Ìṣẹrí Olófin.

Ní 1920 Olóyè Olúwa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti gbé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti agbẹnusọ. Ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó wà lọ́wọ́ wọn. Macaulay mọ ààlà, ó mọ àwòrán ilẹ̀, ó mọ òfin ilẹ̀ ìjọba nítorí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe é rí, ó sì mọ bí àwọn bàbá wa ti ń ní ilẹ̀. Ní July 1921 ìdájọ́ jáde: ilẹ̀ náà jẹ́ ti agbo ilé, olóyè ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn ni, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó ilẹ̀ náà ní kíkún. Títí di òní ni àwọn amòfin ń tọ́ka sí ẹjọ́ yìí, kì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan, ṣùgbọ́n ní Kánádà àti Ọsirélíà pẹ̀lú.

Ìṣẹ́gun náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ ní Lọ́ńdọ̀nù nípa ipò Elékòó bí ìjọba nínú, wọ́n sì ní kí Ọba sẹ́ ẹ. Ọba kọ̀ láti ṣe é bí wọ́n ti fẹ́. Ní 1925 a lé Èṣùgbàyí kúrò lórí oyè, a sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi pe ẹjọ́ lórí ẹjọ́, kí Ọba tó padà wálé ní 1931.

Ẹ̀GBIN ÀTI IYÌ

Kò sí ẹ̀dá tí kò ní àléébù. Ní 1913 ilé-ẹjọ́ dá Macaulay lẹ́bi lórí ogún kan tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, a sì fi í sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ní 1928 ó tún ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde. Nítorí ẹ̀wọ̀n wọ̀nyí kò lè du ipò nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ dé ojú ikú, àwọn mìíràn kò fẹ́ rí i sójú. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn yìí, kí ó má ṣe fi èyí pamọ́, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ti fún ọ̀tá ní ọ̀kọ̀ tí yóò fi gún un.

Síbẹ̀, ní June 1923 ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀. Ìdìbò ọdún náà fún wọn ní gbogbo ipò mẹ́ta tí ó jẹ́ ti Èkó: amòfin méjì, Egerton Shyngle àti Eric Moore, pẹ̀lú dókítà kan, Crispin Adéníyì-Jones. Lára ohun tí ẹgbẹ́ náà ń béèrè ni ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà àti ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn fún àwọn ọmọdé. Ọdún mẹ́wàá kọjá kí Yaba Higher College tó ṣí ní gbangba ní 1934, níbi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, iṣẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́. Inú àwọn ọ̀dọ́ Èkó kò dùn, nítorí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò tó oyè yunifásítì. Dókítà tí ó bá ti ibẹ̀ jáde, igbákejì dókítà ni a ó máa kà á sí.

Ní August 1944, nígbà tí a dá NCNC sílẹ̀, Macaulay ni a fi ṣe ààrẹ, Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Ní 1946 wọ́n jáde káàkiri orílẹ̀-èdè láti tako òfin Gómìnà Richards àti àwọn òfin tuntun lórí ilẹ̀ àti ohun àlùmọ́nì. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni bàbá náà nígbà tí ó ń gun ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú nítorí ilẹ̀. Àìsàn mú un ní Kánò, a gbé e padà sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù May, 1946. A sin ín sí Ìkòyí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣí ní Ìbàdàn.

OHUN TÍ ÌTÀN YÌÍ KỌ́ WA

Lónìí ohun tí a ń wá káàkiri ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Yunifásítì Èkó ní Akọka ti wà láti 1962. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ ti wà láti 1983, ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ sì gba Ìgándò kọjá. Ẹ wá wo ilẹ̀ wa: oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí Macaulay kú, ilé ni gbogbo rẹ̀ lónìí. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àwọn ìdílé kan kò sì ní ìwé tí ó dára lórí ìwọ̀nba tí ó kù. A ti rí ilẹ̀ kan tí a tà fún ènìyàn méjì, a sì ti rí ọmọ ìyá tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ààlà. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa fi kún un pé ọmọ tí a kọ́, tí kò bìkítà fún ilé, kò yàtọ̀ sí i púpọ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ kọ́ ohun tí orí rẹ̀ bá gbà. Ìlú nílò ẹnjiníà tí yóò wọn ilẹ̀ láìṣègbè, ó nílò ẹni tí ó mọ ìṣirò owó tí yóò yẹ ìwé ìnáwó wò, ó nílò dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ó sì nílò olùkọ́ èdè, tí kò ní jẹ́ kí ọmọ wa di ẹni tí kò lè ka ìtàn baba rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, ìwé ẹ̀rí tí ẹ gbà níbẹ̀ wúlò fún wa níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ láti yẹ ìwé ilẹ̀ kan wò fún ìdílé tàbí láti san owó ìwé ọmọ kan. £50 ni ó ran ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́ láti dìde ní 1859, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì wà títí di òní.

Kí Ọlọ́run dá ilẹ̀ wa àti àwọn ọmọ wa sí. Àṣẹ.