Ehengbuda, Ọba Ìbìní, àti ààlà òkè Ọ̀tùn

Ehengbuda ni ẹni ìkẹyìn nínú àwọn ọba ajagun márùn-ún tí ìtàn Ìbìní máa ń kà pọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí Ewuare. Orhogbua ni bàbá rẹ̀; Esigie ni bàbá Orhogbua. Jacob Egharevba, òpìtàn Ìbìní, fi ìjọba rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 1578 sí 1606. Ìṣirò láti inú ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ọdún wọ̀nyí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe gbá wọn mú bí àkọsílẹ̀ ààfin.

Ọjà etí omi dára ní ìgbà rẹ̀. Láàárín ọdún 1588 sí 1591, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì wá láti London ra ata àti eyín erin ní Ìbìní. Àríwá ni ọ̀rọ̀ ti le. Ọ̀yọ́ ń gbèrú níbẹ̀, ó ń kó ẹṣin jọ, ilẹ̀ olókè Èkìtì ni ó sì wà láàárín ìjọba méjèèjì.

Bí ènìyàn bá na okùn láti Ìbìní dé Ọ̀tùn, ìlú pàtàkì ilẹ̀ Mọ̀bà, yóò tó nǹkan bí 190 kìlómítà. Láti Ọ̀yọ́-Ilé dé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 140 lọ. Bí ó bá ṣe ti ìtòsí nìkan ni, Ọ̀yọ́ ni ìbá ni òkè náà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣin kò rí àyè sáré láàárín àpáta àti igbó dídí, eṣinṣin tí ń fa àrùn oorun a sì máa pa ẹṣin. Ọ̀yọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i lẹ́yìn náà: ní ìgbà Aláàfin Ọbalókun, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà ba ní ibùba de ọmọ ogun rẹ̀ tí kò mọ ogun inú igbó, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Ní ti Ìbìní, ẹlẹ́sẹ̀ ni ọmọ ogun rẹ̀, igbó sì mọ́ wọn lára. Bí wọ́n bá ré kọjá òkè bọ́ sí ọ̀dàn, àwọn ni ẹṣin yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá di òkè mú ni ó di ilẹ̀kùn mú.

Egharevba kọ ọ́ pé Ehengbuda bá Ọ̀yọ́ jagun, wọ́n sì fi ààlà sí Ọ̀tùn nígbẹ̀yìn. Ẹnu Ìbìní ni ìtàn yìí ti wá, ó sì yẹ kí a rántí bẹ́ẹ̀, nítorí Ọọ̀rẹ̀ ti Ọ̀tùn náà jẹ́ ọba aládé tí ó ní ipò gíga láàárín àwọn ọba Èkìtì. Ààlà ayé ìgbà náà kì í sì í ṣe ìlà tí a fà sórí ilẹ̀; ibi tí ìṣákọ́lẹ̀ ti yí ojú padà ni.

Omi ni ó pa Ehengbuda, nínú odò Àgán, nígbà ìrìn àjò Èkó. Láti ìgbà náà ni ọba Ìbìní kò ti ṣáájú ogun mọ́. Ó di iṣẹ́ àwọn ìjòyè bí Iyase àti Ezomo. Ohuan, ọmọ rẹ̀, kú láìní àrólé, ìjà oyè sì gba ààfin kan.

Ọ̀tùn kò bọ́ nínú ìjà ààlà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìbàdàn àti Ìlọrin ni wọ́n ń du ú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún pín in mọ́ Ìlọrin, ní ìhà Àríwá. Ọdún 1936 ni wọ́n tó dá a padà sọ́dọ̀ àwọn Èkìtì.