Harúnà Ìṣọ̀lá (1919–1983) àti Ẹ̀tọ́ Olórin Lórí Orin

Harúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó sọ orin àpàlà di ìlúmọ̀ọ́ká. Ọdún 1919 ni wọ́n bí i. Ní 1948, ó gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, tó dá lórí Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ HMV. Àwo náà kò tà. Òde àríyá tó ń lọ káàkiri ló sọ ọ́ di olókìkí.

Ní ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá ra àwo ní Ọjà Ọba ní ìlú Benin, tàbí ní Ọjàaba n'Íbàdàn, ohun tó bá wà nínú àdéhùn nìkan ló máa kan olórin nínú owó náà.

Ní 1969, Harúnà àti I. K. Dáíró, àgbà olórin jùjú, dá STAR Records sílẹ̀. Wọ́n máa ń kà á sí ilé-iṣẹ́ àwo àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Ní 1979, Harúnà ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phontrades sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìjọba fi oyè MON dá a lọ́lá ní 1981. Ó sì jáde láyé ní 1983.

Síbẹ̀, níní ilé-iṣẹ́ kò yanjú ọ̀rọ̀ tán. Ọ̀gá ló ń dá orin àpàlà, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́gbè ló ń gbè é, ìlù ń sọ̀rọ̀ sí i, agídìgbo sì ń gbé e ró. Ta wá ni olórin? Òfin Nàìjíríà ti 1988, tó jáde lẹ́yìn ikú Harúnà, fún eléré ní ẹ̀tọ́ lórí eré tó ṣe. Èyí yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá orin. Ìyàtọ̀ yìí bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó gbe orin bí wọ́n ti fi lé e lọ́wọ́ yẹ fún owó iṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ eléré. Ṣùgbọ́n onílù tó fi ọ̀rọ̀ tàbí ohùn tuntun kún orin, tí wọ́n sì gbà á wọlé, ti bá wọn ṣẹ̀dá rẹ̀. Ó yẹ kí ó ní ìpín nínú orin náà. Harúnà gba àwo lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fún ọ̀gá. Ìpín àwọn tó jókòó lẹ́yìn ọ̀gá ṣì wà nílẹ̀.